Òbúkọ méjì ní Ọjọ́ Ètùtù: kí ló dé tí ọ̀kan kò fi tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ìjọ wa. Nígbà tí a dé orí àwọn àjọ̀dún Ísírẹ́lì, mo sọ fún wọn pé torí ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe wà, pàápàá Ìrékọjá. Ọmọ kan wá bi mí pé bí ẹ̀jẹ̀ òbúkọ kan bá ti wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù nínú Léfítíkù 16, kí ni wọ́n tún ń fi òbúkọ kejì ṣe? Òmíràn ní èyí tí wọ́n lé lọ sí aginjù jọ ẹbọ tí wọ́n ń gbé sí oríta. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé mi, kí ẹ sì sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an.

Ìdáhùn: Ọmọ yẹn mọ ìwé é kà. Òbúkọ méjèèjì kò ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀jẹ̀ ti àkọ́kọ́ ń wẹ ilé Ọlọ́run mọ́; ìkejì ń ru ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn jáde kúrò ní ibùdó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwàásù ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á ní olórí àlùfáà wọ́n ẹ̀jẹ̀ sára àwọn ènìyàn lọ́jọ́ náà. Ẹ ka Léfítíkù 16 láti orí dé ìdí, ẹ kò ní rí ibi tí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ti kan ènìyàn. Ìtẹ́ àánú (ìdérí àpótí májẹ̀mú), àgọ́ àti pẹpẹ ni wọ́n ń wọ́n ọn sí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ọ̀rọ̀ àwọn àjọ̀dún yòókù kúrò lọ́nà ná. Léfítíkù 23 ló tò wọ́n: Ìrékọjá ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní, Àjọ Àkàrà Àìwú fún ọjọ́ méje tó tẹ̀ lé e, Àjọ Ọ̀sẹ̀ ní ọjọ́ 50 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé ìtí àkọ́so wá, ìfọnfèrè ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, Ọjọ́ Ètùtù ní ọjọ́ 10 oṣù yẹn kan náà, Àjọ Àgọ́ láti ọjọ́ 15. Ìkórè àti ìrántí ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní ti Ìrékọjá, ẹ ní kí àwọn ọmọ náà wá ibi tí Ẹ́kísódù 12 ti mẹ́nu ba ẹ̀ṣẹ̀ tàbí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Wọn kò ní rí i. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi hísópù tọ́ sára òpó ilẹ̀kùn méjèèjì àti àtẹ́rígbà jẹ́ ààbò, kí apanirun lè ré ilé náà kọjá. Àti pé ìdílé fúnra wọn ló ń jẹ ẹran náà: wọ́n á yan án lódidi, wọn kò gbọdọ̀ bọ̀ ọ́, wọn kò gbọdọ̀ fọ́ egungun rẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù di òwúrọ̀ iná ni. Ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, torí ẹni tó ṣẹ̀ kì í fẹnu kan ẹran ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Pọ́ọ̀lù pe Kristi ní Ìrékọjá wa nínú 1 Kọ́ríńtì 5:7, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ òru Íjíbítì di Ọjọ́ Ètùtù.

Síbẹ̀, ẹ kò jìnnà sí òótọ́ pátápátá. Númérì 28 àti 29 fi òbúkọ kan fún ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ sínú àjọ̀dún kọ̀ọ̀kan. Àní ní Àjọ Àgọ́, tí akọ màlúù tí wọ́n ń sun jẹ́ 70 láàárín ọjọ́ méje (13 ní ọjọ́ kìíní, tí ó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dín kù títí ó fi di 7), òbúkọ kan péré lójúmọ́ ni ti ẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo àjọ̀dún ló mẹ́nu ba ẹ̀ṣẹ̀; ọjọ́ kan ṣoṣo ni a yà sọ́tọ̀ fún un.

Kí iṣẹ́ òbúkọ àkọ́kọ́ tó lè yé wọn, Léfítíkù 4 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì ṣí orí 16. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pín ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ ní ipò-ipò. Bí ará ìlú lásán bá ṣẹ̀ láìmọ̀, abo ewúrẹ́ tàbí abo àgùntàn ni yóò mú wá. Ìjòyè á mú òbúkọ wá. Olórí àlùfáà tàbí gbogbo ìjọ, akọ ọ̀dọ́ màlúù ni tiwọn. Orí 5 fi kún un pé òtòṣì lè mú àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì wá; ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó ìyẹn náà á mú ìdámẹ́wàá éfà ìyẹ̀fun kíkúnná wá, nǹkan bíi lítà méjì, kò sì gbọdọ̀ da òróró sí i tàbí fi tùràrí lé e. Ẹni tó mú ẹran wá ló ń gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀, òun náà ló ń pa á. Iṣẹ́ àlùfáà bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹ̀jẹ̀.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ ni kí ẹ fojú sí. Ti ará ìlú àti ti ìjòyè kò kọjá àgbàlá: àlùfáà á fi ìka tọ́ ọ sí ìwo pẹpẹ ẹbọ sísun, á da ìyókù sí ìdí pẹpẹ. Ti olórí àlùfáà àti ti gbogbo ìjọ wọ inú àgọ́ lọ: ìgbà méje níwájú aṣọ ìkélé, lẹ́yìn náà ìwo pẹpẹ tùràrí. Bí ipò ẹlẹ́ṣẹ̀ bá ṣe ga tó ni àbàwọ́n rẹ̀ ṣe ń wọlé jìnnà tó. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ pẹ̀lú orí kunkun ńkọ́? Númérì 15:30 kò fún un ní ẹbọ kankan láti mú wá. Gígé ni kí wọ́n gé e kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbàwọ́n ọ̀tẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti dé iwájú ìtẹ́ àánú. Ìdí nìyẹn tí Léfítíkù 16:16 fi sọ pé a ń ṣe ètùtù fún ibi mímọ́ fúnra rẹ̀ nítorí àìmọ́ àti ọ̀tẹ̀ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Ọlọ́run mímọ́ ń gbé àárín wọn. Bí ìdọ̀tí bá ń gorí ara wọn nínú ilé náà, ẹni tó ni ilé yóò kó jáde, ohun tí Ìsíkíẹ́lì sì rí láti orí 8 dé orí 11 nìyẹn: ògo Olúwa ń fi tẹ́ńpìlì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kan wà tí kò gba àlàyé yìí tán. Wọ́n ní ẹni tó mú ẹbọ wá gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ń wẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí àlùfáà ń fi ẹ̀jẹ̀ sí ló parí ẹjọ́: kò fi kan ẹni náà rí nínú orí 4.

Ó wá kan bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Orísun méjì la ní. Ọ̀kan ni Léfítíkù 16, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikú Nádábù àti Ábíhù, àwọn ọmọ Árónì tí wọ́n gbé iná àjèjì lọ síwájú Olúwa. Ìkejì ni Yoma, apá kan nínú Míṣínà tí àwọn rábì kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200, tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù kí àwọn ará Róòmù tó wó o ní ọdún 70. Bí mo bá ti mú nǹkan láti inú Yoma, màá sọ ọ́, kí ẹ má baà kọ́ àwọn ọmọ pé ó wà nínú Bíbélì.

Yoma ní ọjọ́ méje ṣáájú ni wọ́n ti ń mú olórí àlùfáà kúrò nílé rẹ̀ lọ sí iyàrá kan nínú tẹ́ńpìlì, wọ́n á sì yan igbákejì sílẹ̀, bóyá nǹkan kan lè ṣe é tí kò fi ní lè ṣiṣẹ́. Láàárín ọjọ́ méje yẹn, ó ń wọ́n ẹ̀jẹ̀, ó ń sun tùràrí, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ iṣẹ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án wọn kì í jẹ́ kó jẹun púpọ̀, torí oúnjẹ ń mú oorun wá, kò sì gbọdọ̀ sùn mọ́jú. Wọ́n á máa ka Jóòbù, Ẹ́sírà àti Kíróníkà sí i létí. Bó bá fẹ́ tòògbé, àwọn ọ̀dọ́ àlùfáà á ta ìka sí i létí, wọ́n á ní kó dìde kó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù.

Aṣọ ọjọ́ náà wà nínú Léfítíkù: ẹ̀wù, ṣòkòtò, àmùrè àti láwàní, gbogbo rẹ̀ ọ̀gbọ̀. Aṣọ oníwúrà tó ń dán tí ó ń wọ̀ ní ọjọ́ mìíràn kò wọ inú ibi mímọ́ jùlọ, yàrá tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ẹran tirẹ̀ ni akọ màlúù kan fún ẹ̀ṣẹ̀ àti àgbò kan fún ẹbọ sísun. Ti ìjọ ni òbúkọ méjì fún ẹ̀ṣẹ̀ àti àgbò kan. Ẹ kíyè sí i pé lójú òfin, òbúkọ méjèèjì jẹ́ ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo (Léfítíkù 16:5). Yoma ní kí wọ́n jọra ní àwọ̀, ní gíga àti ní iye owó, kí wọ́n sì rà wọ́n pa pọ̀. Iwájú Olúwa ni wọ́n mú àwọn méjèèjì lọ, kèké ló sì pín wọn: ọ̀kan fún Olúwa, ọ̀kan fún Asaseli, orúkọ tí màá padà sí. Yoma fi kún un pé igi ni wọ́n fi ṣe kèké náà tẹ́lẹ̀, kí Ben Gamla, olórí àlùfáà kan, tó fi wúrà ṣe é, àti pé bí ọ̀kan nínú òbúkọ náà bá kú lẹ́yìn tí kèké ti mú un, méjì tuntun ni wọ́n ń mú wá kí wọ́n tún kèké ṣẹ́, wọn kì í wulẹ̀ fi ẹyọ kan dípò.

Bí ènìyàn bá ń gbálẹ̀, yàrá inú ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó fi ìgbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ ọjọ́ náà ṣe tò: ibi mímọ́ jùlọ, àgọ́, pẹpẹ, lẹ́yìn náà ìta ibùdó. Kò gbọdọ̀ yí padà.

Olórí àlùfáà á kọ́kọ́ pa màlúù tirẹ̀, torí ẹlẹ́ṣẹ̀ ni òun náà. Ẹ̀jẹ̀ tí ó gbà kò lè wọlé lójú ẹsẹ̀. Tùràrí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Yoma sọ ìdí tí ẹnì kan fi ń dúró ro ẹ̀jẹ̀ náà nínú àwo: kó má baà dì. Àlùfáà á bu ẹyinná láti orí pẹpẹ kún àwo, á bu ẹ̀kúnwọ́ méjì tùràrí kíkúnná. Yoma ní ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ ni ìwọ̀n tùràrí rẹ̀: ọlọ́wọ́ ńlá á bu púpọ̀, ọlọ́wọ́ kékeré á bu díẹ̀. Yoma ní àwo ẹyinná ń wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ṣíbí tùràrí ní ọwọ́ òsì. Ó ń rìn wọlé lẹ́bàá aṣọ ìkélé, ó gbé àwo sílẹ̀, ó da tùràrí lé ẹyinná, ó dúró títí èéfín fi kún inú ilé. Ìdí rẹ̀ wà nínú Léfítíkù 16:13: kí èéfín náà lè bo ìtẹ́ àánú, kí àlùfáà má baà kú. Ní tẹ́ńpìlì kejì kò sí àpótí májẹ̀mú mọ́. Yoma ní òkúta kan ló wà níbẹ̀, tó ga tó ìka mẹ́ta kúrò nílẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé àwo lé. Bó bá jáde, àdúrà kúkúrú ló ń gbà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Kì í fà á gùn, kí ẹ̀rù má baà ba àwọn tó ń dúró lóde.

Ìgbà yẹn ló tó padà mú ẹ̀jẹ̀ màlúù wọlé. Ó fi ìka wọ́n ọn sórí ìtẹ́ àánú lápá ìlà-oòrùn, ó sì tún wọ́n ọn síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Yoma jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe ń kà á: "ọ̀kan, ọ̀kan àti ọ̀kan, ọ̀kan àti méjì," títí dé "ọ̀kan àti méje," kí ó má baà ṣì í kà. Lẹ́yìn èyí ló pa òbúkọ ti Olúwa, ó sì ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bákan náà. Ó jáde wá sí àgọ́, ó dé pẹpẹ, ó fi ẹ̀jẹ̀ méjèèjì pa ìwo rẹ̀, ó tún wọ́n ọn sí i lẹ́ẹ̀méje. Títí iṣẹ́ inú ilé fi parí, kò sí ẹlòmíràn nínú àgọ́. Ilé ti mọ́ báyìí.

Ìgbà tí ilé mọ́ tán ni òbúkọ kejì tó wọ ọ̀rọ̀, ìyẹn náà sì ni ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ yẹn. Nínú orí 4, ọwọ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀ ń gbé lé ẹran. Níbí, ọwọ́ méjèèjì ni Árónì gbé lé orí òbúkọ alààyè, ó sì fẹnu jẹ́wọ́ gbogbo àìṣedéédéé, ọ̀tẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sórí rẹ̀. Òbúkọ àkọ́kọ́ kò gba ìjẹ́wọ́ kankan. Ìdọ̀tí kúrò lára ohun èlò ní ti àkọ́kọ́. Ẹ̀bi kúrò láàárín àwọn ènìyàn ní ti ìkejì. Ẹni tí wọ́n ti yàn sílẹ̀ á fà á lọ sí aginjù, á jọ̀wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Kó tó padà wọ ibùdó, ó gbọ́dọ̀ fọ aṣọ rẹ̀, kó sì wẹ̀. Àwọn tó sun awọ, ẹran àti ìgbẹ́ màlúù àti òbúkọ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ibùdó náà á ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ayé tẹ́ńpìlì kejì, jíjọ̀wọ́ rẹ̀ kò tó wọn mọ́. Yoma ní wọ́n so òwú pupa mọ́ orí òbúkọ náà, wọ́n sì ṣe àgọ́ mẹ́wàá sójú ọ̀nà láti Jerúsálẹ́mù dé etí ọ̀gbun kan, bíi kìlómítà 12. Ní àgọ́ kọ̀ọ̀kan wọ́n á sọ fún ẹni tó ń fà á pé oúnjẹ rèé, omi rèé, torí ọjọ́ ààwẹ̀ ni. Ní etí ọ̀gbun, á pín òwú náà sí méjì, á so ìdajì mọ́ òkúta, ìdajì sáàárín ìwo ẹran náà, á sì fi ẹ̀yìn tì í sísàlẹ̀. Ó ṣeé lóye: bí òbúkọ tó ru ẹ̀ṣẹ̀ ọdún kan bá tún bọ́ sójú títì pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ wí?

Ní ti ẹbọ oríta, ẹ má bá ọmọ náà wí. Ohun tó rí wà níbẹ̀. Kíkó ibi ìlú jáde kì í ṣe ti Ísírẹ́lì nìkan. Ní Bábílónì, ní ọjọ́ karùn-ún àjọ̀dún ọdún tuntun wọn, wọ́n ń fi òkú àgbò nu ilé òrìṣà Nabu kí wọ́n tó jù ú sódò, àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà á sì lọ máa gbé ní pápá. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní àjọ̀dún Ẹdì, ènìyàn ló ń ru ẹrù ibi ìlú lọ sínú igbó. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹbọ oríta ní ẹni tí a gbé e fún. Òbúkọ Asaseli kò ní olùgbà: nínú Léfítíkù, wọn kò pa á, wọn kò sun ọ̀rá rẹ̀, wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Yálà Asaseli jẹ́ orúkọ ẹ̀mí aginjù tàbí ti ọ̀gbun, àríyànjiyàn rẹ̀ kò tíì tán, àmọ́ Léfítíkù 17:7 tó tẹ̀ lé e kọ̀ ọ́ gbọnin-gbọnin pé kí wọ́n rúbọ sí ẹ̀mí àìmọ́ tó dà bí òbúkọ. Àkísà tí a fi nu ilẹ̀ tí a sì gbé jù nù ló jẹ́, kì í ṣe oúnjẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún bá mi yọ ohun kan kúrò nínú ẹ̀kọ́ yín bó bá wà níbẹ̀, torí mo mọ̀ pé orí pẹpẹ ìwàásù wa ló pọ̀ sí: pé wọ́n ń so okùn mọ́ ẹsẹ̀ olórí àlùfáà, kí wọ́n lè fà á jáde bí agogo etí aṣọ rẹ̀ bá dákẹ́. Kò sí nínú Bíbélì, kò sí nínú Míṣínà. Zohar, ìwé àwọn Júù tó jáde ní Sípéènì ní òpin ọ̀rúndún 13, ni okùn náà ti wá. Agogo sì wà létí aṣọ aláwọ̀ aró ti Ẹ́kísódù 28, aṣọ tí olórí àlùfáà bọ́ sílẹ̀ kó tó wọ ibi mímọ́ jùlọ lọ́jọ́ yẹn.

Iṣẹ́ àwọn ènìyàn fúnra wọn kúrú, ṣùgbọ́n ó le. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹwàá, wọ́n á pọ́n ara wọn lójú, wọn kò ní ṣe iṣẹ́ kankan, àlejò tó ń gbé láàárín wọn náà kò ní ṣe é. Ẹni tí kò bá pọ́n ara rẹ̀ lójú, wọ́n á gé e kúrò. Ààwẹ̀ yìí ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27:9 ń tọ́ka sí nígbà tó ní ìrìn-àjò ojú òkun ti léwu torí ààwẹ̀ ti kọjá. Yoma tò ó: kò sí jíjẹ, kò sí mímu, kò sí wíwẹ̀, kò sí fífi òróró para, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀, kò sí ìbálòpọ̀ tọkọtaya. Títí dòní, láìsí tẹ́ńpìlì, láìsí òbúkọ, ààwẹ̀ àti àdúrà yìí ni àwọn Júù fi ń ṣe ọjọ́ náà. Ìwé Hébérù ní tirẹ̀ gbé gbogbo ètò náà lé Kristi: ó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ (9:12), ó sì jìyà lẹ́yìn ibodè, níbi tí wọ́n ti ń sun òkú ẹran (13:11–12).

Àwọn ọmọ yóò bi yín bóyá ẹni tó jí ewúrẹ́ aládùúgbò kàn lè dúró de Ọjọ́ Ètùtù. Rárá. Léfítíkù 6:1–7 ní kó kọ́kọ́ dá ohun tó gbà padà, kó fi ìdámárùn-ún iye rẹ̀ lé e, lọ́jọ́ tó bá mú àgbò ẹbọ ẹ̀bi rẹ̀ wá. Yoma náà sọ ọ́ gbangba: ohun tó wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run, Ọjọ́ Ètùtù ń ṣètùtù rẹ̀, ohun tó wà láàárín ènìyàn àti ẹnìkejì rẹ̀, kò ní ètùtù títí yóò fi tu onítọ̀hún nínú. Bí ẹni tó ni nǹkan bá ti kú ńkọ́, tí kò sì ní ìbátan tí wọ́n lè dá a padà fún? Númérì 5:8 ní kí wọ́n kó o fún àlùfáà, pẹ̀lú ìdámárùn-ún náà.